Èmi Ni Mo Tẹ Lẹ́tà Tó Gba Ilé Ọmọ Lọ́wọ́ Àbúrò Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ mi tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Mo mọ̀ pé ẹ máa bú mi. Ká ní ẹlòmíì ló ṣe ohun tí mo ṣe, màá bú u, màá sì ṣẹ́ èpè lé e.

Ìyá mi bí èmi, ó bí àbúrò mi obìnrin, ó sì tán síbẹ̀. Àbúrò mi yìí ló gba ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́ lọ́wọ́ mi.

Káfíńtà ni gbogbo wa ń pe ọkùnrin náà, torí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a ṣe ìgbéyàwó ni mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí mo bá àbúrò mi níbi tó ti ń di ẹrù. Mo bi í pé níbo ló ń lọ. Kò wojú mi.

Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Èmi àti Káfíńtà ti fẹ́ra."

Mi ò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi gbéra. Mo gbá a létí, mo dì í nírun mú, mo fi orí rẹ̀ gbá ògiri. Òun náà gbé ọmọrí ìkòkò irin, ó fi là mí lẹ́nu. Eyín iwájú méjì bọ́ sórí sìmẹ́ńtì. Màmá sáré wọlé, ó ń pariwo pé: "Ẹ pa ara yín! Ẹ pa ara yín kí n ráyè sinmi!" Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dà lẹ́nu mi ni mo ń ṣẹ́ èpè pé ọmọ ò ní ké nílé wọn. Ọkùnrin mẹ́ta ló wá láti ilé kejì kí wọ́n tó rí wa là.

Ọdún mẹ́fà gbáko la ò fi bára wa sọ̀rọ̀.

Ilé ìwòsàn ńlá kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ẹran ara wò. Ẹ má rò pé mo kọ́ṣẹ́ dókítà o. Èmi ni mo ń tẹ èsì. Dókítà àgbà kan ló ń wo àwọn ẹran tí wọ́n gé lára aláìsàn lábẹ́ awò tó ń mú nǹkan tóbi. Baba Onígíláàsì ni orúkọ tí a fún un, nítorí orí gíláàsì pẹlẹbẹ ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹran náà sí kó tó wò ó. Bó bá ti ń wò ó, á máa sọ ohun tó ń rí sókè, èmi á sì máa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, màá kó gbogbo lẹ́tà èsì ọ̀sẹ̀ náà síwájú rẹ̀. Á máa fọwọ́ sí wọn bó ṣe ń múra àtilọ sílé. Kì í kà wọ́n. Ọdún mọ́kànlá tí a ti jọ wà, mi ò ṣi nọ́ńbà kan tẹ̀ rí. Ó máa ń fi mí yangàn fún àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ pé: "Ojú tèmi ló ń wò, ọwọ́ ọmọbìnrin yìí ló ń sọ̀rọ̀."

Lọ́jọ́ kan, ó gbé gíláàsì kan sábẹ́ awò, mo sì fa ìwé tó bá a wá mọ́ra. Ẹran náà ò ju orí àtàǹpàkò lọ. Ọrùn ilé ọmọ ni wọ́n ti gé e. Mo wo orúkọ tó wà lórí ìwé náà, orúkọ àbúrò mi ni. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, pé oyún ti bà jẹ́ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pé kò tíì bímọ.

Baba Onígíláàsì ní: "Jẹjẹrẹ ni."

Àyà mi já. Mi ò ní purọ́ fún yín, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rù ló já a tàbí ayọ̀.

"Àmọ́ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú wọlé ni. Ó ti ya awọ òkè, ó sì rọra wọ inú ẹran abẹ́ rẹ̀. Mílímítà kan péré. Kò wọ iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan. Etí ibi tí wọ́n gé mọ́ tónítóní, jẹjẹrẹ ò dé ibẹ̀." Ó gbójú kúrò lára awò, ó rẹ́rìn-ín. "Àfi bí olè tó ti ọwọ́ bọ ojú fèrèsé, tí onílé sì gé ọwọ́ náà kó tó ráyè ti orí bọ̀ ọ́. Orí obìnrin yìí gbè é. Èyí tí wọ́n gé yìí ti kó gbogbo rẹ̀ jáde. Kò nílò iṣẹ́ abẹ mìíràn. Kó máa wá fún àyẹ̀wò lásìkò, kó sì lọ bímọ rẹ̀."

Kó lọ bímọ rẹ̀. Fún Káfíńtà.

Mo tẹ̀ ẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Bàbá dìde, ó ní òun ń lọ mu tíì. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, mo ń fi ahọ́n kan ibi tí eyín mi wà tẹ́lẹ̀. Inú tó bí mi lọ́jọ́ tí a jà tún ru sókè, ó gbóná ju ti ìgbà yẹn lọ, torí ó ti pẹ́ lórí iná.

Mo pa ọ̀kan rẹ́, mo tẹ méje. Mo pa á rẹ́ pé etí mọ́, mo tẹ̀ ẹ́ pé jẹjẹrẹ náà dé etí, pé ó ti wọ iṣan ẹ̀jẹ̀. Kò gbà mí ju ìgbà tí ènìyàn fi ń sín lẹ́ẹ̀mejì lọ.

Mo sọ fún ara mi pé mo kàn fẹ́ dẹ́rù bà á ni. Kó sunkún fún ọ̀sẹ̀ kan, ṣebí èmi náà sunkún ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Lẹ́yìn náà màá tún un ṣe. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi tẹ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Mo mọ ibi tí mílímítà méje máa ń gbé obìnrin lọ. Wọ́n á gbé e sórí tábìlì, wọ́n á sì yọ ilé ọmọ rẹ̀ pátápátá.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, Baba Onígíláàsì ti ki apá kan bọ ẹ̀wù rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kejì kọ orúkọ rẹ̀ síbi tí mo nawọ́ sí.

Ó ní: "Kò sí wàhálà nínú wọn?"

Mo ní: "Kò sí, Bàbá."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e ni Màmá pè mí lórí fóònù. Ẹkún ló kọ́kọ́ dé etí mi.

"Wọ́n ní àwọn máa yọ ilé ọmọ àbúrò rẹ. Wọ́n ní bí àwọn ò bá yọ ọ́, á kú. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n dá fún un. Bó o bá mọ̀ pé èmi ni mo bí ọ, gbéra kí o máa bọ̀ nílé wọn nísinsìnyí."

Mo lọ. Mi ò tíì fẹsẹ̀ tẹ ilé náà rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀. Kí n tó kan ìlẹ̀kùn ni mo ti ń gbọ́ ìró àáké. Káfíńtà wà ní àárín yàrá, kò wọ ẹ̀wù. Bẹ́ẹ̀dì ọmọ kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn ló ń là. Ẹ̀rún igi ń fò kiri, ọ̀kan ti ya á lójúgun, ẹ̀jẹ̀ ń dà sí i lẹ́sẹ̀, kò tilẹ̀ wò ó. Àbúrò mi jókòó sílẹ̀ nígun ògiri, ó káwọ́ lérí.

Bó ṣe rí mi, ó fi orúnkún wọ́ wá bá mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n gbé ẹran náà wá. Ẹ bá mi bi Bàbá yẹn, wọ́n lè ṣì í wò. Ṣebí ènìyàn bíi tiwa ni wọ́n."

Ẹnu mi ti là. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, Ọlọ́run gbọ́. Àfi bí Káfíńtà ṣe ju àáké sílẹ̀ tó sì yíjú sí mi.

"Kí ni èyí wá ṣe níbí? Ṣé kì í ṣe òun ló ṣẹ́ èpè pé ọmọ ò ní ké nílé yìí? Ó wá yọ̀ wá ni!"

Ó fún mi lọ́rùn ẹ̀wù, ó wọ́ mi gba ọ̀ọ̀dẹ̀, ó sì jù mí sórí òkìtì ẹ̀rún igi níta. Màmá ń ké, àbúrò mi ń ké pé kó fi mí sílẹ̀. Orúnkún mi bó. Mo dìde, mo gbọn ẹ̀rún igi kúrò lára, mo wo àbúrò mi lójú.

Mo ní: "Baba Onígíláàsì kì í ṣì í wò."

Mo sì bá tèmi lọ.

Nígbà tó fi di òru, inú mi ti rọlẹ̀. Gbogbo ibi tí mo bá wò, àbúrò mi ni mo ń rí lórí orúnkún. Lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́rú, mo tẹ lẹ́tà àtúnṣe kan: pé ọ̀kan ni, kì í ṣe méje, pé etí mọ́. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní ìfọwọ́sí kó tó lè jáde. Bí mo bá gbé òun nìkan fún Bàbá, á kà á, á sì bi mí léèrè. Mo bá fi í sí àárín òkìtì tí mo máa gbé fún un lọ́jọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ, mo ní ọjọ́ Ẹtì á kọ́kọ́ dé. Mo tilẹ̀ ń yin ara mi pé orí mi pé. Ẹ ò rí i bí ojo ṣe máa ń pe ara rẹ̀ ní ọlọ́gbọ́n.

Ní Ọjọ́bọ̀, nǹkan bí agogo méjìlá ọ̀sán, ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun tó máa ń gbé ẹran wá láti yàrá iṣẹ́ abẹ gbé korobá onídèérí kan kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi.

Ó ní: "Ẹ bá mi fọwọ́ sí i."

Mo fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni mo ka orúkọ tó wà lára korobá.

Mo pariwo mọ́ ọn: "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n dá fún un!"

"Ẹnì kan ni ò wá lónìí, wọ́n bá fà á síwájú. Wọ́n ní jẹjẹrẹ tó bá ti jìn tó bẹ́ẹ̀, a kì í fi dọ́la." Ó wojú mi. "Ṣé kò sí?"

Mi ò ṣí korobá náà. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo fi ọwọ́ méjèèjì di ìdérí rẹ̀ mú. Ilé ọmọ tí kò lárùn. Ọmọ ìyá mi ló ni ín, ó wà nínú korobá lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi.

Ẹ ó rò pé mo sáré lọ jẹ́wọ́. Rárá o. Ẹ̀rù ara mi ló kọ́kọ́ bà mí. Mo ya lẹ́tà àtúnṣe náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Mo ṣí dúrọ́ọ̀ tí wọ́n ń kó gíláàsì sí, mo kó gbogbo ti àbúrò mi, mo fi aṣọ wé e, mo ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo ń fi gìgísẹ̀ gún un bí ẹni ń pa ejò. Nígbà tí mo fẹ́ kó o dànù, ọ̀kan la àtẹ́lẹwọ́ mi dé ibi tí mo ti rí funfun inú ẹran.

Lọ́jọ́ Ajé, Baba Onígíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilé ọmọ náà. Ó wò ó láàárọ̀, ó tún wò ó lọ́sàn-án.

Ó ní: "Ọ̀rọ̀ yìí ò yé mi. Mílímítà méje, ó sì dé etí, kí jẹjẹrẹ má wá ṣẹ́ kù nínú ilé ọmọ rárá? Gbé gíláàsì àkọ́kọ́ wá fún mi."

"Ó ti fọ́, Bàbá. Ó bọ́ lọ́wọ́ mi."

Ó rí báńdéèjì ọwọ́ mi. "Áà, pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Kò burú. Gíláàsì ló fọ́, ìda ò fọ́."

Ẹ̀rù ti jẹ́ kí n gbàgbé ìda. Gbogbo ẹran tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, inú ìda la máa ń rì í sí, nínú ìda la ti ń rẹ́ èyí tó ń lọ sórí gíláàsì, ìyókù á sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ mú ìda náà, ó rẹ́ ẹ, ó tẹ́ ẹ. Ó gbójú lé awò, kò sì gbé e kúrò fún ìgbà pípẹ́.

"Mílímítà kan," ni ó wí. Ó fa lẹ́tà yọ nínú fáìlì. "Méje ló wà níbí. Ọwọ́ mi sì nìyí lábẹ́ rẹ̀. Ta ló sọ méje?"

Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí. Mo ní: "Ẹ̀yin ni, Bàbá. Ohun tí ẹ sọ ni mo tẹ̀."

Ó sì gbà mí gbọ́! Kí ló máa ṣe tí kò ní gbà mí gbọ́? Ó yọ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wo lẹ́tà náà. Ó ní ó lè jẹ́ pé ọjọ́ ogbó ti dé tí òun ò mọ̀. Ó ní òun fúnra òun máa lọ sọ fún àwọn ẹbí obìnrin náà, pé irú iṣẹ́ báyìí, a kì í rán ènìyàn. Mo tẹ̀ lé e. Mi ò lè jókòó, mi ò sì lè sá.

Ní wọ́ọ̀dù, àbúrò mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, Màmá jókòó tì í, Káfíńtà dúró. Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ náà wà níbẹ̀. Baba Onígíláàsì ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

"Jẹjẹrẹ yín ti tán láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kò yẹ kí wọ́n yọ ilé ọmọ yín. Àṣìṣe mi ni."

Ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Káfíńtà jù bà á lójú. Dígí fọ́ sí i ní ìpéǹpéjú. Ẹlẹ́ẹ̀kejì gbé e ṣubú, orí rẹ̀ gbá irin bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀ bo irun funfun rẹ̀. Káfíńtà gùn ún láyà, ó ń lù ú bí ẹni ń kan ìṣó. Dókítà dì í mú lẹ́yìn, Káfíńtà fi ìgúnpá gbá a dànù. Bàbá ò nawọ́ láti gbèjà ara rẹ̀. "Ó tọ́ sí mi," ló ń wí, ẹnu rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀. "Ó tọ́ sí mi."

Káfíńtà fa òpó irin tí wọ́n fi ń gbé omi kọ́ fún aláìsàn, ó gbé e sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Mo kígbe: "Èmi ni! Ọ̀kan ni Bàbá sọ! Èmi ni mo pa á rẹ́, tí mo tẹ méje!"

Irin náà ò balẹ̀. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Baba Onígíláàsì gbé ojú kan tó ṣì lè là sókè, ó sì wò mí. Lílù tí wọ́n lù ú kò dùn mí tó wíwò tó wò mí yẹn.

Màmá ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá mi lójú, láyà, níbi tí ọwọ́ bá ti bà. "Ta ni mo bí? Ta ni mo fún lọ́mú?" Káfíńtà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, nọ́ọ̀sì mẹ́rin rọ̀ mọ́ ọn. Ní ààrin ariwo yẹn ni mo gbọ́ ohùn àbúrò mi.

"Ẹ fi ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá síbí."

Mo rìn lọ síbi bẹ́ẹ̀dì. Ojú rẹ̀ gbẹ.

"Ìka wo lẹ fi tẹ̀ ẹ́?"

Ó ṣì ń fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀ bí àgbà, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo na ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún sí i. Ó dì í mú, mo rò pé ó fẹ́ sunkún lé e ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Ojú abẹ inú rẹ̀ ń dùn ún, òógùn bò ó níwájú orí, ó ń tẹ̀ ẹ́ síwájú sí i. Mi ò fà á padà. Nígbà tó dá, gbogbo yàrá ló gbọ́ ọ.

Ó fi mí sílẹ̀, ó kọjú sí ògiri.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Mo ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta. Baba Onígíláàsì fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ní ẹni tí kò ka ohun tó fọwọ́ sí ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí nǹkan kan mọ́. Ojú rẹ̀ ọ̀tún ò ríran dáadáa títí dòní.

Mo ń sọ èyí fún ẹni tí inú ń bí sí ọmọ ìyá rẹ̀. Bínú. Pariwo, bá a jà ní gbangba, kí ará ilé lè rí yín kí wọ́n sì là yín. Ìjà tí mo fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ jà, tí mo jókòó jà lórí àga, òun ni ẹnikẹ́ni ò rí là.

Ara àbúrò mi le. Àyẹ̀wò rẹ̀ mọ́ lọ́dọọdún. Màmá ló ń sọ fún mi, nígbà tó bá wù ú láti gbé fóònù mi. Lọ́dún tó kọjá, mo bi í bóyá àbúrò mi máa ń dárúkọ mi. Màmá ní bí ẹnikẹ́ni bá bi àbúrò mi pé mélòó ni ìyá rẹ̀ bí, ó máa ń dáhùn pé òun nìkan ni.